Kí la fẹ́ dà sórí sàláàdì yìí?

ÀǸTÍ BÍSÍ: Ẹ̀yin èèyàn wa ní Manchester, ní Houston, ní Dublin, níbi yòówù tí ẹ bá ti ń gbọ́ wa, ẹ kú àtijọ́ o. Abẹ́òkúta la wà báyìí, nílé ẹbí wa ní Ìbarà. Bí ẹ bá ń gbọ́ ariwo kan lábẹ́ ohùn wa, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ni. Wọ́n ti mú iná lọ.

WÁLÉ: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Wálé lèmi. Ìjà ló bí ọ̀rọ̀ tá a fẹ́ sọ lónìí.

ÀǸTÍ BÍSÍ: Ìjà wo? Mo kàn ní kó o má lọ ra ìgò kíríìmù sàláàdì ní Pàǹṣẹ́kẹ́ ni.

WÁLÉ: Àǹtí mi, sàláàdì Nàìjíríà láìsí kíríìmù! Kábéèjì, kárọ́ọ̀tì, kùkúḿbà, ẹ̀wà inú agolo, ẹyin sísè, kí wọ́n tò gbogbo ẹ̀ sínú abọ́ ńlá lọ́jọ́ Kérésì, kí wọ́n má wá da kíríìmù sí i? Ta ló fẹ́ jẹ ẹ́?

ÀǸTÍ BÍSÍ: Èmi náà jẹ ẹ́ dàgbà. Ṣùgbọ́n gbọ́ ná. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Heinz ti kọ́kọ́ gbé kíríìmù sàláàdì jáde, ní 1914, àwọn ará ibẹ̀ ni wọ́n sì ṣe é fún. Ka ara ìgò rẹ̀: tó o bá ti ṣí i, inú fíríìjì ló gbọ́dọ̀ máa gbé. Fíríìjì wo nílé yìí? Èyí tó ti ń sunkún omi láti àárọ̀ yẹn?

WÁLÉ: Ẹ̀yin náà ẹ má bá fíríìjì wa jà.

ÀǸTÍ BÍSÍ: N ò bá a jà. Ohun tí mò ń sọ ni pé bí iná ò bá dúró, ohun tó o máa dà sórí sàláàdì, kó o pò ó níwọ̀n tí ẹ máa jẹ tán lórí ìjókòó. Ìṣẹ́jú márùn-ún ò pé lórí ẹ̀. Òróró, ohun tó kan lẹ́nu bíi fínígà, àti iyọ̀. Ó tán.

WÁLÉ: Ẹ sọ ìwọ̀n rẹ̀ fún wọn, kí wọ́n má lọ máa fojú bù ú.

ÀǸTÍ BÍSÍ: Àwọn alásè máa ń sọ pé òróró mẹ́ta sí fínígà kan. Ìyẹn ni pé ṣíbí ìjẹun 3 òróró, ṣíbí 1 fínígà. Èyí tó ló máa tó èèyàn mẹ́rin. Ní tèmi o, mo fẹ́ kó kan jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà méjì sí kan ni mo máa ń ṣe. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí mẹ́ta sí kan, kí ẹ tọ́ ọ wò, kí ẹ wá fi fínígà kún un díẹ̀díẹ̀.

WÁLÉ: Ní Abẹ́òkúta ńkọ́, ṣé fínígà náà ni?

ÀǸTÍ BÍSÍ: Kí la fẹ́ fi fínígà ṣe nígbà tí ọsàn wẹ́wẹ́ wà ní Kútọ̀? Ra díẹ̀, fi ọwọ́ yí i lórí tábìlì kó rọ̀, gé e, fún un. Ẹni tí ò bá rí ọsàn wẹ́wẹ́ nílùú òyìnbó lè lo lẹ́mọ́ọ̀nù. Tó bá sì jẹ́ fínígà nìkan ló wà nílé, kò burú, omi ló pọ̀ jù nínú ẹ̀ náà. Ásíìdì inú èyí tí à ń lò nílé ìdáná kì í sábà ju ìdá 8 nínú 100 lọ.

WÁLÉ: Mo ní ìbéèrè kan. Kí ló dé tẹ́ ẹ kọ́kọ́ da iyọ̀ sínú omi ọsàn, tẹ́ ẹ rò ó, kẹ́ ẹ tó bu òróró sí i? Mo rò pé àṣà yín lásán ni.

ÀǸTÍ BÍSÍ: Kì í ṣe àṣà. Iyọ̀ kì í yọ́ nínú òróró. Bó o bá da òróró kọ́kọ́, iyọ̀ á kàn sùn sí ìsàlẹ̀ ìgò, ẹnì kan á jẹ ewébẹ̀ tí kò níyọ̀, ẹnì kejì á jẹ iyọ̀ gan-an. Inú omi ọsàn ló ti ń yọ́. Ata gígún, ṣúgà bó o bá fẹ́ ẹ, oyin, gbogbo wọn kọ́kọ́ wọ inú omi ọsàn ná. Òróró ló máa ń kẹ́yìn.

WÁLÉ: Lẹ́yìn náà ni ẹ wá kó gbogbo ẹ̀ sínú ìgò ẹlẹ́nu fífẹ̀, ẹ dé e, ẹ sì ń mì í bí ẹni ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀.

ÀǸTÍ BÍSÍ: Ìgò tí jáàmù tán nínú ẹ̀ ni mo fi ṣe é, ìyẹn ló dára jù. Ṣùgbọ́n má ṣe gbé e kalẹ̀ kó o máa tẹ fóònù o. Òróró àti omi kì í jókòó pọ̀. Tó o bá mì í, òróró yẹn fọ́ sí wẹ́wẹ́, ó fọ́n káàkiri inú omi ọsàn; tó o bá fi í sílẹ̀, wọ́n á tún ara wọn rí, òróró á léfòó. Nítorí náà, mì í, kó o sì dà á lójú ẹsẹ̀.

WÁLÉ: Àwọn tí wọ́n fẹ́ kó dúró pọ̀ pẹ́ díẹ̀ ńkọ́?

ÀǸTÍ BÍSÍ: Ìyẹn ni iṣẹ́ mọ́sítáàdì. Ṣíbí tíì kan péré. Nǹkan kan wà nínú ẹ̀ tó ń bá wọn là á láàárín, tí kì í jẹ́ kí òróró tètè sá padà. Oyin náà ń ràn án lọ́wọ́ nítorí pé ó ki. Èyí tí inú mi dùn sí jù ni ẹ̀pà lílọ̀. Wo ẹ̀pà sísun tí wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́bàá títì níbí. Gún un kúnná títí tí òróró á fi yọ lára ẹ̀, fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, iyọ̀, ata, atalẹ̀ rírìn díẹ̀, kó o fi omi gbígbóná tó mọ níwọ̀n là á. Da ìyẹn sórí kábéèjì tí o gé wẹ́wẹ́, kó o wá sọ fún mi pé o ṣì ń wá kíríìmù.

WÁLÉ: Mo jẹ ẹ́ lọ́sàn-án. N ò lè purọ́, mo bù kún un.

ÀǸTÍ BÍSÍ: Ó bù kún un! Ẹ gbọ́ o.

WÁLÉ: Ká sọ̀rọ̀ òróró fúnra ẹ̀. Ní Houston, gbogbo èèyàn ló ń pariwo òróró ólífì. Mo wá wọ ṣọ́ọ̀bù kan níbí, mo ní kí wọ́n fún mi lólífì, màmá tó ń tajà wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé ẹ fẹ́ lọ gbàdúrà ni?"

ÀǸTÍ BÍSÍ: Wọn ò ṣẹ̀ ẹ́. Ìgò kékeré tí wọ́n ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n rò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ara ìgò o! Lára àwọn òróró àdúrà yẹn, wọ́n ti da lọ́fíńdà sí òmíràn. Orí ni wọ́n fi ń pa. Ẹ má da ìyẹn sórí lẹ́tọ́ọ̀sì fún ọmọ ọlọ́mọ.

WÁLÉ: Òróró ẹ̀pà wá ńkọ́?

ÀǸTÍ BÍSÍ: Òun ni mo fọwọ́ sí. Kò ní òórùn tó máa bo ewébẹ̀ mọ́lẹ̀. Àmọ́ kó jẹ́ èyí tó mọ́, tí wọn ò tíì fi din àkàrà. Gbóòórùn rẹ̀ kó o tó sanwó; òróró tó ti bàjẹ́, imú ló ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.

WÁLÉ: Epo pupa?

ÀǸTÍ BÍSÍ: Wálé.

WÁLÉ: Mo kàn béèrè ni, Àǹtí mi! Ẹ̀gbá ni wá.

ÀǸTÍ BÍSÍ: Ní Manchester, epo pupa á dì mọ́ kùkúḿbà tútù kó o tó jókòó. Níbí, ooru lè má jẹ́ kó dì, ṣùgbọ́n fi í sílẹ̀ fún iṣu àti ẹ̀wà. Ìyẹn lojú mi sí o. Ẹni tó bá dùn mọ́ kó máa jẹ ẹ́.

WÁLÉ: Ó dáa. Mo tún padà sórí kíríìmù mi. Mo gbà pé ọsàn wẹ́wẹ́ dùn. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ bá rí sàláàdì tí kò funfun, wọn ò ní í fọwọ́ kàn án. Ṣé èèyàn ò lè ṣe kíríìmù fúnra ẹ̀ ni?

ÀǸTÍ BÍSÍ: Ó lè ṣe é, ìyẹn ni n kì í bá ọ jà sí. Ẹyin sísè ni wọ́n fi ń ṣe é láyé àtijọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Se ẹyin méjì kó le dáadáa, yọ pupa inú ẹ̀, fi ṣíbí tẹ̀ ẹ́ kó kúnná, kó máà ní kókó kankan. Mọ́sítáàdì ṣíbí tíì kan, ṣúgà díẹ̀, iyọ̀ díẹ̀, ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà ṣíbí ìjẹun kan. Pò ó. Lẹ́yìn náà ni kó o máa ro òróró ṣíbí méjì sí i díẹ̀díẹ̀, kó o sì fi mílíìkì inú agolo là á títí tó fi ṣeé dà. Funfun inú ẹyin yẹn, gé e sórí sàláàdì. Nǹkan kan ò ṣòfò.

WÁLÉ: Mo rí i lórí YouTube pé ẹyin tútù ni wọ́n ń lò fún máyónéèsì.

ÀǸTÍ BÍSÍ: Bẹ́ẹ̀ ni, pupa inú ẹyin tútù ló ń mú òróró yẹn di kíríìmù. N ò ṣe é níbí. Kòkòrò Salmonella lè wà nínú ẹyin tútù. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 2017 ni àjọ tó ń rí sí oúnjẹ ti ní aboyún, àgbàlagbà àti ọmọdé lè jẹ ẹyin tí kò jinná bó bá ṣáà ti ní òǹtẹ̀ kìnnìún lára, nítorí wọ́n ń gún àwọn adìẹ ọ̀hún lábẹ́rẹ́ àjẹsára. Kíréètì ẹyin tó ti jókòó sínú oòrùn ní Láfẹ́nwá láti àárọ̀, òǹtẹ̀ wo ló wà lára ẹ̀? Se é kó jinná.

WÁLÉ: Aáyù ńkọ́? Mo fẹ́ràn aáyù.

ÀǸTÍ BÍSÍ: Rin ín sí i lọ́jọ́ tí ẹ máa jẹ ẹ́. Ohun tí n ò fẹ́ ni kí èèyàn rẹ aáyù sínú ìgò òróró, kó gbé e sórí pẹpẹ ilé ìdáná fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan pé ó fẹ́ kó ta sánsán. Afẹ́fẹ́ kì í wọ inú òróró; kòkòrò tó ń fa àrùn botulism, ìyẹn májèlé inú oúnjẹ tó lè pani, sì fẹ́ràn ibi tí afẹ́fẹ́ ò sí. Kì í yí òórùn padà, kì í yí àwọ̀ padà, èèyàn ò ní í fura. Bó bá ṣẹ́ kù, inú fíríìjì tó tutù dáadáa, kó má kọjá ọjọ́ 4. Bí fíríìjì ò bá tutù, ẹ dà á nù.

WÁLÉ: Ìyẹn le o.

ÀǸTÍ BÍSÍ: Ó le, ṣùgbọ́n ó yé ọ. Ewé efinrin náà dára nínú ẹ̀, gé e wẹ́wẹ́, má kó o jù. Ó máa ń fẹ́ gba ipò oyè.

WÁLÉ: Ẹnì kan láti Dublin fi ohùn ránṣẹ́ sí wa. Wọ́n ní gbogbo ìgbà tí àwọn bá ṣe sàláàdì lọ sóde, kó tó débẹ̀ á ti rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, omi á sì ti kún ìsàlẹ̀ abọ́.

ÀǸTÍ BÍSÍ: Iyọ̀ ni. Iyọ̀ ń fa omi jáde lára ewébẹ̀, kùkúḿbà àti tòmátò ló sì ń da omi jù. Ẹ gbé ìgò yín lọ lọ́tọ̀, kí ẹ mì í kí ẹ sì dà á nígbà tí wọ́n bá fẹ́ bù ún. Ohun kejì: lẹ́yìn tí ẹ bá fọ ewébẹ̀, ẹ gbẹ ẹ́. Aṣọ ìnuwọ́ tó mọ́ ti tó. Òróró kì í lẹ̀ mọ́ ewé tó tutù, ṣe ló máa ń ṣàn kúrò. Kábéèjì nìkan ni mo yọ sílẹ̀. Ó le, ó máa ń fẹ́ kí nǹkan wọ inú ẹ̀ díẹ̀, da tiẹ̀ sí i ní bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú.

WÁLÉ: Kí ó sì má pọ̀ jù. Mo rí àwọn tó ń dà á bí ọbẹ̀.

ÀǸTÍ BÍSÍ: Ẹ rántí pé òróró ṣì ni. Ṣíbí ìjẹun 1 tó bíi kálórì 120. Ẹni tó ní torí kí òun lè fọn lòun ṣe ń jẹ sàláàdì, kó fojú sí ìgò náà. Kí ewé máa dán ni, kó má máa lúwẹ̀ẹ́.

WÁLÉ: Bó bá ṣẹ́ kù tí kò sí aáyù nínú ẹ̀?

ÀǸTÍ BÍSÍ: Fi pa ẹja tí ẹ fẹ́ sun lálẹ́. Ọsàn àti ata ṣáà ló wà nínú ẹ̀, kí lẹ̀ ń wá mọ́?

WÁLÉ: Ó dáa. Lọ́la, èmi á ṣe ti ẹyin sísè, Àǹtí mi á ṣe ti ẹ̀pà, a ó gbé méjèèjì síwájú àwọn ọmọ ilé yìí. Ẹ ó gbọ́ èyí tó kọ́kọ́ tán.

ÀǸTÍ BÍSÍ: Ìwọ lo máa fọ abọ́ o.