Ìfun kékeré: ibi tí oúnjẹ ti ń wọ ẹ̀jẹ̀

Ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ ìfun kékeré la fẹ́ sọ, mo sì fẹ́ ká gbọ́ ọ dáadáa torí ọ̀pọ̀ wa gbà pé inú àpòlúkù ni oúnjẹ ti ń wọ ara, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àpòlúkù ń lọ oúnjẹ, ó ń fi ásíìdì pò ó, àmọ́ ìfun kékeré ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó máa ṣe ara lóore.

Ó gùn gan-an. Lára òkú tí wọ́n là fún ẹ̀kọ́, ó máa ń tó nǹkan bíi mítà 6, lára alààyè kì í tó bẹ́ẹ̀ torí iṣan tó wà lára ẹ̀ ṣì ń fún un pọ̀, tí èèyàn bá kú iṣan yẹn á dẹ̀, ìfun á sì nà. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín in sí. Duodenum ló ṣáájú, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 25 péré, ó ká yí orí pancreas, ẹ̀yà ara kan tó wà lẹ́yìn àpòlúkù, inú duodenum yìí ni òróòro àti omi pancreas ti ń wọlé, omi yìí ló ń pa agbára ásíìdì tó tẹ̀ lé oúnjẹ wá. Jejunum ló tẹ̀ lé e, ileum ló kẹ́yìn, kò sí ààlà kan pàtó láàárín àwọn méjèèjì, díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀kan ń yí padà di èkejì.

Ẹni tó bá ti fọ ìfun ẹran rí máa mọ eléyìí: awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tó so mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan ìfun yẹn, ọ̀rá wà lára ẹ̀, tẹ́ ẹ bá gbé e sójú ìmọ́lẹ̀ ẹ máa rí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó pẹ̀ka káàkiri inú ẹ̀. Àwa náà ní in, mesentery ni wọ́n ń pè é. Ìdí ẹ̀ tó so mọ́ ẹ̀yìn inú wa ò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, ẹ wá wò ó, ìyẹn ló di gbogbo jejunum àti ileum mú, ibẹ̀ náà lẹ̀jẹ̀ ń gbà dé ọ̀dọ̀ wọn. Tí ìfun bá lọ́ mọ́ ìdí yẹn, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè kọjá, láàárín wákàtí díẹ̀ ìfun á bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Inú ìfun gan-an ló máa ń yà mí lẹ́nu jù. Ó ṣẹ́ po, lórí gbogbo ibi tó ṣẹ́ po yẹn ni villi wà, wọ́n yọ ṣọnṣọ bí ara táwẹ́ẹ̀lì, ọ̀kan ò ju mìlímítà 1 lọ, sẹ́ẹ̀lì tó bo villi náà tún ní irun tiwọn tójú lásán ò lè rí. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé tí wọ́n bá tẹ́ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ á tó pápá tẹ́níìsì, lọ́dún 2014 ni àwọn olùwádìí méjì, Helander àti Fändriks ní Sweden, tún un wọ̀n, wọ́n ní kò tó bẹ́ẹ̀, gbogbo ọ̀nà oúnjẹ pátá jẹ́ nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 32. Ó ṣì pọ̀ fún nǹkan tó ká sínú ikùn! Àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí ní ojú ọ̀nà kan tí iyọ̀ àti ṣúgà jọ ń gbà wọlé, omi á sì tẹ̀ lé wọn, kọ́lẹ́rà ò lè ti ọ̀nà yẹn, òun ni omi iyọ̀ àti ṣúgà tá a ń fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ileum ni mo fẹ́ ká fara balẹ̀ sí. Àwọn ibi kan wà lára ògiri ẹ̀ tó ń ṣọ́ ara lọ́wọ́ àrùn, Johann Conrad Peyer ará Switzerland ló ṣàlàyé wọn lọ́dún 1677, orúkọ ẹ̀ ni wọ́n sì ń jẹ́ títí dòní, Peyer's patches. Kòkòrò táífọ́ìdì máa ń gba inú wọn wọlé, wọ́n á wú, wọ́n á di egbò, tó bá sì tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta tí àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀ tí wọn ò tọ́jú ẹ̀ dáadáa, egbò yẹn lè lu ìfun jáde, ní apá ìparí ileum, ní ẹ̀gbẹ́ tó dojú kọ ibi tí mesentery so mọ́. Àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ ní Nàìjíríà mọ̀ ọ́n dunjú, àwọn ọmọdé ló sì pọ̀ níbẹ̀. Ohun tó wà nínú ìfun á dà sínú ikùn, ikùn á le gbandi, ẹni náà ò ní lè jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án.

Ẹ jọ̀ọ́, agbo ò lè dí ihò yẹn, abẹ́rẹ́ kẹ́míìsì náà ò lè dí i. Ẹni tí ibà ti ń ṣe láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, tí inú ṣàdédé ń ro burúkú, ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ abẹ ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́. Tí wọ́n bá wá gé púpọ̀ nínú ìparí ileum kúrò, ẹ bi dókítà nípa vitamin B12, torí ibẹ̀ ni ara ti ń gbà á, àìtó ẹ̀ lè pẹ́ tó ọdún mélòó kan kó tó hàn, abẹ́rẹ́ ẹ̀ sì wà.