Kí Ẹ Tó Wọ Yàrá Iṣẹ́ Abẹ

Asalaamu alaekun warahmọtulaahi wabarakaatuhu. Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú Ísíláàmù, ẹ kú ọjọ́ Jímọ̀.

Ẹni tí dókítà ti dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún, tí oorun sì ti dá lójú rẹ̀ látìgbà náà, ni mo ń bá sọ̀rọ̀ lónìí. Ẹ̀rù tó ń bà yín kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Nígbà tí àwọn òpìdán Fìráónà ju okùn wọn sílẹ̀, ẹ̀rù ba Ànábì Músá nínú ọkàn rẹ̀. Kùránì ló sọ ọ́ (20:67). Ọlọ́hun kò bá a wí. "Má bẹ̀rù" ló sọ fún un.

Ọkùnrin kan bi Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) léèrè bóyá kí òun so ràkúnmí òun, tàbí kí òun tú u sílẹ̀ kí òun gbára lé Ọlọ́hun. Ó ní kó so ó, kó sì gbára lé Ọlọ́hun.

Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń tú ràkúnmí sílẹ̀ ni mo ń lọ. Mo mọ ìyá kan tí ìbátan rẹ̀ gbé omi tí wọ́n ka Kùránì sí àti ẹ̀kọ gbígbóná fún, bó ṣe kírun àsùbá tán lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ. Ìfẹ́ ló fi ṣe é. Ṣùgbọ́n bí oògùn bá ti kunni lóorun, ọ̀fun kì í lè ṣọ́ ara rẹ̀ mọ́: ohun tó wà nínú ikùn lè gòkè wá, kó bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn sì lè gba ẹ̀mí. Àánú Ọlọ́hun ni pé ìyá náà jẹ́wọ́ fún nọ́ọ̀sì, wọ́n sì sún iṣẹ́ abẹ náà di ọjọ́ mìíràn. Ẹ̀yin ará ilé aláìsàn, mo bẹ̀ yín, àsìkò tí wọ́n bá ní kí ó ṣíwọ́ jíjẹ àti mímu, ẹ jẹ́ kó ṣíwọ́. Alẹ́ tó ṣáájú ni kó mu omi àdúà rẹ̀.

Ẹ má fi àgbo tí ẹ ń mu pamọ́ fún dókítà, ẹ má fi sìgá tí ẹ ń fà pamọ́ fún un. Aáyù tí a ń lò nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru pàápàá lè mú kí ẹ̀jẹ̀ pẹ́ kó tó dá. Ẹ má sì dá oògùn dókítà dúró fúnra yín. Ẹ bi í.

Ẹ kọ gbèsè àti àsọọ́lẹ̀ yín sílẹ̀. Kíkọ ọ́ kò pe ikú. Ànábì ní kí Mùsùlùmí tó ní ohun tó fẹ́ sọ sílẹ̀ má sun òru méjì láìkọ ọ́.

Ní ti ìrun, jẹ̀díjẹ̀dí ló ń yọ Imran ọmọ Husayn, ọ̀kan nínú àwọn ọmọlẹ́yìn Ànábì, lẹ́nu tí Ànábì fi sọ fún un pé kó kírun lórí ìdúró, bí kò bá lè ṣe é, kó jókòó, bí kò bá tún lè ṣe é, kó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Nítorí náà, ẹ má forí kanlẹ̀ já okùn tí wọ́n fi rán ọgbẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ gbé ọwọ́ lé ibi tó ń dùn yín, ẹ pe Bisimilaahi lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ wá sádi Ọlọ́hun àti agbára Rẹ̀ lẹ́ẹ̀meje kúrò níbi aburú ohun tó ń ṣe yín àti èyí tí ẹ ń bẹ̀rù. Bí Ànábì ṣe kọ́ ọmọlẹ́yìn rẹ̀ kan, Uthman ọmọ Abil-As, nìyẹn.

Ọlọ́hun Ọba Aṣèwòsàn, gbogbo ẹni tó máa wọ tíátà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tọ́ ọwọ́ àwọn dókítà wọn sọ́nà, jí wọn padà láti ojú oorun náà sáàárín àwọn ọmọ wọn. Áámín.