Ohun tí a bá béèrè ni wọ́n ń dá wa lóhùn: ìwádìí lórí ìwà ipá àti ọgbẹ́ tó ń fi sílẹ̀

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níbi ìjókòó tí a ṣe lórí ìwà ipá àti ọgbẹ́ tó ń fi sílẹ̀ nìyí, tí mo tún kọ sílẹ̀ fún àwọn tí kò lè wá. Mo ti yọ àwọn ibi tí mo ti ń wúkọ́ kúrò.

Dókítà kan wà tó ń jẹ́ Vincent Felitti. Ní nǹkan bí ọdún 1985, ó ń tọ́jú àwọn tó sanra jù ní San Diego, ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà. Ètò ìtọ́jú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, àwọn èèyàn ń jò. Ohun tó rú u lójú ni pé àwọn tí ètò náà ń ṣiṣẹ́ fún gan-an ló ń sá kúrò níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n padà lọ́kọ̀ọ̀kan láti fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò. Lọ́jọ́ kan, ó ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ó fẹ́ bi obìnrin kan pé ọmọ ọdún mélòó ni nígbà tó kọ́kọ́ bá ọkùnrin lò pọ̀. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé báwo ló ṣe wúwo tó nígbà náà. Obìnrin yẹn ní ogójì páùn. Bíi kílógíráàmù 18 nìyẹn, ìwọ̀n ọmọ ọdún mẹ́rin. Ó wá sọ pé bàbá òun ni.

Láti ọjọ́ yẹn ni Felitti ti ń bi àwọn yòókù léèrè, ohun tó gbọ́ sì ju ohun tó lérò lọ. Àwọn kan sọ fún un pé ara sísan ń dáàbò bo àwọn. Bí wọ́n bá ti jò, tí àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í wò wọ́n, ẹ̀rù àtijọ́ á tún dìde. Ohun tí dókítà kọ sínú ìwé bí àìsàn, oògùn ló jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń rù ú kiri. Tí mo bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, mo máa ń dúró síbí yìí díẹ̀ kí n tó tẹ̀ síwájú. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn aláìsàn yẹn fi ń wọlé tí wọ́n ń jáde, tí wọ́n ń gun òṣùwọ̀n, tí wọ́n ń fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún àyẹ̀wò. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n. Àṣìsọ ló ṣílẹ̀kùn.

Felitti àti Robert Anda, tó ń ṣiṣẹ́ ní CDC, àjọ tó ń gbógun ti àrùn ní Amẹ́ríkà, wá pawọ́ pọ̀. Wọ́n fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí àwọn tó ń gba ìtọ́jú lábẹ́ ètò ìlera adójútòfò tó ń jẹ́ Kaiser Permanente. Nígbà tí o wà lọ́mọdé, ṣé wọ́n ń lù ọ́? Ṣé wọ́n ń bú ọ, tí wọ́n ń tẹ́ ọ? Ṣé àgbàlagbà kan bá ọ ṣèṣekúṣe? Ṣé wọ́n ń lu ìyá rẹ? Ṣé ọ̀mùtí wà nínú ilé, tàbí ẹni tí àárẹ̀ ọpọlọ ń ṣe, tàbí ẹni tó lọ sẹ́wọ̀n? Èèyàn 9,508 ni ìdáhùn wọn wà nínú àbájáde àkọ́kọ́ tó jáde ní 1998. Ó ju ìdajì wọn lọ tó ní ó kéré tán ọ̀kan ṣẹlẹ̀ sí òun. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe tálákà o; àwọn tó ní ètò ìlera adójútòfò ni, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kàwé dáadáa. Àwọn tí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti ṣẹlẹ̀ sí, ewu pé wọ́n á di ọ̀mùtí, pé wọ́n á máa lo oògùn olóró, pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn á mú wọn tàbí pé wọ́n á gbìyànjú láti pa ara wọn fi ìlọ́po 4 sí 12 ju ti àwọn tí ìkankan kò ṣẹlẹ̀ sí lọ. Àìsàn ọkàn, jẹjẹrẹ àti àìsàn ẹ̀dọ̀fóró náà ń pọ̀ sí i bí iye ìṣẹ̀lẹ̀ náà ṣe ń pọ̀ sí i.

Báwo ni ẹ̀gbin ọmọ ọdún márùn-ún ṣe ń di àìsàn ọkàn ẹni àádọ́ta ọdún? Ọ̀nà rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀kan ni sìgá, ọtí àti oúnjẹ tí èèyàn fi ń pa ìrora mọ́ra. Òmíràn wà nínú ara fúnra rẹ̀. Ara tó ń retí ìkọlù máa ń da kọ́tísọ̀, èròjà tí ara ń tú jáde nígbà ìdààmú, sínú ẹ̀jẹ̀, àyà á máa lù kìkì, iṣan á le. Bó bá jẹ́ ti ọjọ́ kan, kò burú. Ohun tó ń gba ẹ̀mí là ni. Bó bá wá di ti ojoojúmọ́, lọ́mọdé tí ọpọlọ ṣì ń kọ́lé ara rẹ̀, á máa jẹ ara run díẹ̀díẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan rèé, torí mo mọ̀ pé ẹ ti rí i tí wọ́n ń ka iye ìṣẹ̀lẹ̀ ìgbà ọmọdé yìí fún ara wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí ẹni ń dífá. Anda fúnra rẹ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé ní 2020 pé òǹkà yìí kò yẹ fún mímọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan pàtó. Ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn pa pọ̀ ló ń ṣàlàyé. Ẹni tí mẹ́fà ṣẹlẹ̀ sí lè dàgbà kó dá ṣáká.

Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn díẹ̀. Ní 1946, John Caffey, dókítà tó ń ka àwòrán X-ray àwọn ọmọdé, kọ̀wé nípa ọmọ ọwọ́ mẹ́fà. Ẹ̀jẹ̀ ti dà sí abẹ́ agbárí wọn, egungun apá àti ẹsẹ̀ wọn sì ti kán níbi púpọ̀, síbẹ̀ kò sí ìtàn ìjàǹbá kankan tó ṣàlàyé rẹ̀. Ọdún 16 kọjá kí Henry Kempe, dókítà àwọn ọmọdé, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó sọ ọ́ jáde ní 1962 pé àwọn òbí àti alágbàtọ́ ló ń ṣe èyí. Wọ́n ti kọ̀wé sí àwọn ilé ìwòsàn. 71 dáhùn, wọ́n sì ka ọmọ 302 láàárín ọdún kan, 33 nínú wọn kú. Kempe sọ ọ́ láìfọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n pé ó nira fún àwọn dókítà láti gbà pé òbí lè ṣe irú rẹ̀. Egungun ti jẹ́rìí, ọkàn àwọn tó ń wò ó ni kò gbà á. Kò ju bí ọdún márùn-ún lọ lẹ́yìn ìyẹn tí gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà fi ṣòfin pé kí àwọn tó bá rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fi tó ìjọba létí.

Ti àgbàlagbà kò rọrùn bẹ́ẹ̀, torí a kì í ya X-ray ìgbéyàwó. Àfi ká béèrè. Bí o bá bi obìnrin kan pé "ṣé ọkọ rẹ ń hùwà ipá sí ọ?", á ní rárá, á sì gbà pé òótọ́ lòun sọ, nítorí kò ka ìgbátí sí ìwà ipá. Àjọ Ìlera Àgbáyé mọ èyí nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí wọn tó jáde ní 2005, níbi tí wọ́n ti bá obìnrin tó lé ní 24,000 sọ̀rọ̀ ní orílẹ̀-èdè mẹ́wàá. Wọn ò lo ọ̀rọ̀ ńlá. Ṣé ó ti gbá ọ létí rí? Ṣé ó ti taari rẹ? Ṣé ó ti ju nǹkan lù ọ́? Obìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ nínú ilé kọ̀ọ̀kan, níkọ̀kọ̀, lábẹ́ orúkọ ìwádìí lórí ìlera obìnrin, bí ẹnikẹ́ni bá sì yọjú, olùwádìí á yí ọ̀rọ̀ padà. Ìdí ni pé ìbéèrè lásán lè pa èèyàn bí ọkọ bá gbọ́. Láti ibì kan dé òmíràn, iye àwọn tí ọkọ tàbí àfẹ́sọ́nà ti lù tàbí fipá bá lò pọ̀ rí wà láàárín ìdá 15 àti ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn kan tó dáhùn ní olùwádìí yẹn ni ẹni àkọ́kọ́ tí àwọn sọ ọ́ fún.

Ní 2021, àjọ yìí kan náà ṣírò rẹ̀ pé bí ẹnì kan nínú obìnrin mẹ́ta lágbàáyé ni ẹni tó ń fẹ́ ti hùwà ipá sí rí, tàbí tí ẹlòmíràn ti fipá bá lò pọ̀: nǹkan bí mílíọ̀nù 736.

Àwọn ọkùnrin ńkọ́? Ọ̀kan lára yín béèrè, ó sì yẹ kó béèrè. Wọ́n ń lu ọkùnrin náà, ìtìjú sì máa ń di ẹnu wọn. Àríyànjiyàn tó wà níbẹ̀ ti le láàárín àwọn onímọ̀. Ní 1979, Murray Straus, onímọ̀ nípa àwùjọ, gbé òṣùwọ̀n kan jáde tó ń ka ìkọlù: ẹ̀ẹ̀melòó lo gbá a létí, ẹ̀ẹ̀melòó ló taari rẹ? Nígbà tí wọ́n fi ka gbogbo ìlú, iye ọkùnrin àti obìnrin tó ń ṣe é fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn àti ibi ààbò fún àwọn tí wọ́n ń lù nílé yarí, obìnrin ni wọ́n ń rí lójoojúmọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò lójú títí Michael Johnson, onímọ̀ nípa àwùjọ bíi Straus, fi sọ ní 1995 pé ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìhà méjèèjì ń kà. Tọkọtaya tí ìjà máa ń bẹ́ láàárín wọn, tí wọ́n na ara wọn, wà. Ẹni tó fi ẹnì kejì sábẹ́ ìdè pátápátá náà wà. Òǹkà ìgbátí kò lè ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀.

Ìdè yìí ni Evan Stark, onímọ̀ nípa àwùjọ, kọ̀wé lé lórí ní 2007. Ẹni tó fi ẹnì kejì sábẹ́ ìdè ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń ka ọ̀rọ̀ inú fóònù rẹ̀. Ó ń ka ìṣẹ́jú tó fi lọ sọ́jà. Ó ti já a kúrò lára ẹbí. Ẹni tí wọ́n fi sábẹ́ ìdè náà lè má gba ju ìgbátí méjì lọ lọ́dún, nítorí ìgbátí kò pọn dandan mọ́, wíwò nìkan ti tó. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ tó wúlò jù tí ẹ̀ka ìmọ̀ yìí ti sọ láti ogún ọdún nìyí. Ní 2015, ilẹ̀ England àti Wales sọ irú ìdè bẹ́ẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbé èèyàn dé ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún.

Ìbéèrè burúkú méjì ló kù. Èkíní: kí ló dé tí ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ kò jà, tí kò pariwo? Ìwádìí kan tó jáde ní Sweden ní 2017 lo ìtàn àwọn obìnrin 298 tó wá sí ilé ìtọ́jú ní Stockholm lẹ́yìn ìfipábánilòpọ̀. Ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ní ara àwọn gan pa nígbà tó ń ṣẹlẹ̀. Ọwọ́ kò gbé, ohùn kò jáde. Kì í ṣe pé wọ́n gbà. Ọpọlọ ló pa iná ara, bí ẹranko tí ẹkùn dì mú ṣe máa ń ṣe. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, àwọn tí ara wọn gan ni ọgbẹ́ ọkàn tí wọ́n ń pè ní PTSD àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó le mú jù. Ẹ wá rò ó wò: ẹni tí kò lè gbápá, tí wọ́n tún ń bi í pé kí ló dé tí kò jà.

Èkejì: kí ló dé tí ẹni tí wọ́n ń lù nílé kò kó jáde? Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Jacquelyn Campbell, nọ́ọ̀sì tó tún jẹ́ olùwádìí, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣèwádìí ní ìlú 11 ní Amẹ́ríkà, ó jáde ní 2003. Wọ́n fi àwọn obìnrin tí ọkọ tàbí àfẹ́sọ́nà pa wé àwọn tí wọ́n ń lù tí wọ́n ṣì wà láàyè. Ìbọn nílé wà lára ohun tó ń mú ikú yá. Fífi ọkùnrin tó fẹ́ máa darí gbogbo nǹkan sílẹ̀ náà wà lára rẹ̀. Ẹni tí kò kúrò lè ti ṣírò rẹ̀ dáadáa ju ẹni tó ń bi í léèrè lọ.

Ohun kan sì wà tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti ọlọ́pàá tó wà láàárín wa dì mú: fífún lọ́rùn. Ìwádìí tó tẹ̀ lé ti Campbell ní 2008 fi hàn pé ẹni tí ọkùnrin rẹ̀ ti fún lọ́rùn rí, ewu pé á pa á lé ní ìlọ́po méje. Nígbà tí wọ́n sì yẹ ẹjọ́ 300 wò ní San Diego, tó jáde ní 2001, ìdajì àwọn tí wọ́n fún lọ́rùn kò ní àpá kankan tó hàn sójú. Bí ẹ bá rí i tí ohùn rẹ̀ há, tí gbígbé mì ń dùn ún, ẹ má wo àwọ̀ ọrùn. Ẹ bi í.

Nígbà tí mo parí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde lẹ́yìn, ó ní ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2013 sọ pé kí wọ́n má bi gbogbo aláìsàn tó bá wọlé ní irú ìbéèrè yìí, ṣé mi ò ta kò wọ́n? Mo ní rárá. Ibi tí nǹkan bá ti fi hàn ni wọ́n ní ká ti béèrè: ọgbẹ́ tí ìtàn rẹ̀ kò bára mu, oyún tó ń bàjẹ́ léraléra, inú rírun tí kò lórúkọ. Wọ́n sì ní ibẹ̀ gbọdọ̀ jẹ́ ibi tí etí ẹlòmíràn kò ti lè gbọ́, kí ẹni tó ń béèrè sì mọ ibi tí á darí ẹni náà sí. Ó ní, tí aláìsàn náà bá wá dákẹ́ ńkọ́? Mo ní kò gbọdọ̀ fipá gbà á lẹ́nu rẹ̀. Kó sọ fún un pé òun gbọ́ ohun tó sọ àti ohun tí kò sọ, kó bi í ohun tó nílò lónìí, kó sì sọ ọjọ́ tí òun tún máa wà nídìí iṣẹ́.

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó tún béèrè pé, tí kò bá wá lọ́jọ́ yẹn?

Mo ní kó ṣáà wà níbẹ̀.