Ta ni yóò lọ mú un padà wá?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin tí ẹ ń wò wá. Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ nílẹ̀ Ìgbómìnà, láti Igbájà títí dé Òmù-Àrán, ẹni tó bá wà lábẹ́ ìbáwí kì í jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Bó bá jẹ́ akọrin, wọ́n á ní kó bọ́ aṣọ akọrin sílẹ̀ ná. Ó yé wa. Ṣùgbọ́n ọjọ́ wo ni ìbáwí náà ń parí, ta ni yóò sì lọ mú un padà wá?

Ẹ wo ìjọ Kọ́ríńtì. Wọ́n pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ, wọ́n ń gbé ara wọn lọ sí kóòtù, àwọn kan ń mu àmuyó nídìí Oúnjẹ Olúwa tí ebi sì ń pa tálákà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹnì kan tilẹ̀ gba aya bàbá rẹ̀! Síbẹ̀, ìjọ Ọlọ́run ni Pọ́ọ̀lù ń pè wọ́n. Ó ní kí wọ́n yọ ọkùnrin náà kúrò láàárín wọn. Nínú ìwé kejì tó kọ sí wọn, orí 2, ó sọ̀rọ̀ nípa ẹnì kan tí wọ́n ti fìyà jẹ. Àwọn kan ní ọkùnrin ọjọ́sí ni, àwọn mìíràn ní kì í ṣe òun. Ẹni yòówù kó jẹ́, Pọ́ọ̀lù ní ìyà náà tó, kí wọ́n dárí jì í, kí ìbànújẹ́ má baà gbé e mì. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, òsì là á fi fà á mọ́ra.

Hébérù 12 ní ẹni tí Olúwa fẹ́ ló ń bá wí. Àwọn tí a kọ ọ́ sí, nítorí ìgbàgbọ́ ni wọ́n fi kó ẹrù wọn lọ, kì í ṣe nítorí ẹ̀ṣẹ̀ wọn. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún opó pé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni Ọlọ́run ń nà án fún.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbálẹ̀ ilé Ọlọ́run, tí ẹ ń kọ́ ọmọdé lọ́jọ́ Ìsinmi, tí àléébù ìjọ sì ń dùn yín: Kọ́ríńtì yẹn náà ni Pọ́ọ̀lù sọ fún pé iṣẹ́ wọn nínú Olúwa kì í ṣe asán. Ẹ máa bá a lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má bo ìkà mọ́lẹ̀. Bí owó ìkórè bá pòórá, ẹ bèèrè. Bí àgbà ìjọ bá ba ọmọdé jẹ́, ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Tímótì kìíní, orí 5, ní kí a bá alàgbà tó ń dẹ́ṣẹ̀ wí ní gbangba.

Bí ẹnì kan bá wà lábẹ́ ìbáwí níjọ yín, ẹ yà kí i nílé lọ́sẹ̀ yìí. Kí ẹ sì bi àwọn alàgbà léèrè ọjọ́ tí wọ́n dá fún un.