Ta Ló Ni Ìtàn? Valeri Petrov, Òǹkọ̀wé Ọmọdé àti Fíìmù ní Bùlùgáríà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìjókòó.

Ìwé ọmọdé ni wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lé lórí, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ni mo fẹ́ gbà wọlé. Òṣèré kan ṣubú lẹ́nu iṣẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ayé ti sú u. Ọmọkùnrin kan tí ó kán lápá ń rìn kiri inú wọ́ọ̀dù. Òṣèré yìí pè é mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn àwọn ajalèlókun fún un. Ibi tí ìtàn bá ti dùn jù ló máa ń dá a dúró sí. Ọmọ á ní, "Kí ló wá ṣẹlẹ̀?" Ọ̀fẹ́ kọ́ ni ìtàn yẹn o. Òṣèré náà ń wá ẹni tí yóò bá òun mú oògùn wá níbi tí wọ́n kó o pa mọ́ sí, oògùn tí yóò mu láti pa ara rẹ̀. Ọmọ kò mọ̀.

Inú fíìmù ni èyí ti ṣẹlẹ̀, Yo Ho Ho ni orúkọ rẹ̀. Zako Heskiya ló darí rẹ̀ ní 1981, Valeri Petrov, òǹkọ̀wé ará Bùlùgáríà, ló kọ ọ́.

Ohun tó mú mi fẹ́ràn ìtàn yìí ni pé ọmọ náà kì í kàn ṣe etí lásán. Inú orí rẹ̀ ni ìtàn ti ń ṣẹlẹ̀, nítorí náà ojú àwọn tó mọ̀ nílé ìwòsàn ló fi wọ àwọn ènìyàn inú ìtàn. Bí òṣèré bá ti sọ ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu, ọ̀rọ̀ ti di ti ọmọ. Ẹni tó bá ti pa àlọ́ fún ọmọ rí mọ bó ṣe máa ń rí: o fẹ́ kí ìjàpá kú, ọmọ ní kò kú, ìwọ àti ọmọ jọ ń fà á. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo gbé wá síbí lónìí nìyẹn. Petrov gbà pé ọmọdé ní ìpín nínú ìtàn tí a ń sọ fún un, kò sì fi irọ́ tàn án.

Ọjọ́ 22 oṣù kẹrin 1920 ni wọ́n bí i ní Sofia. Valeri Nisim Mevorah ni orúkọ rẹ̀. Júù ni bàbá rẹ̀, agbẹjọ́rò. Ìyá rẹ̀, Maria Petrova, ń kọ́ni ní èdè Faransé. Orúkọ ìyá yìí ni ó mú fún iṣẹ́ ìwé. Ilé ìwé àwọn ará Ítálì tó wà ní Sofia ló lọ, ó sì ti tẹ ewì jáde kó tó kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní yunifásítì, ó parí rẹ̀ ní 1944. Ẹ rántí ìṣègùn yẹn. Lójú tèmi, ẹni tó ti dúró ti bẹ́ẹ̀dì aláìsàn rí ló lè kọ wọ́ọ̀dù tó wà nínú Yo Ho Ho.

Kò pẹ́ nídìí ìṣègùn. Ó ṣiṣẹ́ rédíò, ó wà lára àwọn tó dá Starshel sílẹ̀, ìwé ìròyìn ẹ̀fẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí agbọ́n, ó sì lo ọdún mélòó kan ní Róòmù nílé iṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀.

Fíìmù ló wá kàn. Nígbà náà, ìjọba ló ni gbogbo sinimá Bùlùgáríà. Wọ́n ti gbà á sọ́wọ́ láti 1948. Petrov àti olùdarí Rangel Vulchanov ṣe fíìmù mẹ́ta pọ̀. Ti 1958 dá lórí àwọn ẹlẹ́wọ̀n òṣèlú ní erékùṣù kékeré kan nínú Òkun Dúdú. Ti 1960, Ẹ̀kọ́ Àkọ́kọ́, jẹ́ ìtàn ìfẹ́ ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin kan nígbà ogun. Wọ́n gbé e dé Cannes, àjọ̀dún fíìmù ńlá tó wà ní ilẹ̀ Faransé. Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti 1962, Oòrùn àti Òjìji. Ọ̀dọ́ méjì pàdé létí òkun, oòrùn ràn, omi tutù, ṣùgbọ́n ẹ̀rù àdó olóró ń da ọkàn ọmọbìnrin náà láàmú. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Petrov fi ẹ̀rù gbogbo ayé sí àárín ènìyàn méjì tó wọ aṣọ ìwẹ̀, ó sì jẹ́ kí wọ́n máa sọ̀rọ̀.

Ní 1970, wọ́n fún Solzhenitsyn, òǹkọ̀wé ará Rọ́ṣíà tó ń tako ìjọba Kọ́múnísì ilẹ̀ rẹ̀, ní ẹ̀bùn Nobel. Ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé Bùlùgáríà kọ̀wé láti bu ẹnu àtẹ́ lu ẹ̀bùn náà, wọ́n ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fọwọ́ sí i. Ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ni kò gbà. Petrov wà nínú wọn, òun àti Hristo Ganev tó jẹ́ òǹkọ̀wé fíìmù bíi tirẹ̀. Wọ́n lé Petrov kúrò nínú ẹgbẹ́ òṣèlú Kọ́múnísì tó ń ṣèjọba Bùlùgáríà nígbà náà. Ẹ má rò pé ọ̀tá ẹgbẹ́ náà ni tẹ́lẹ̀ o. Ó gba èrò wọn gbọ́. Èyí gan-an ló jẹ́ kí kíkọ̀ náà wúwo.

Kí ni ẹni tí wọ́n tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ lè ṣe? Ó jókòó ti Shakespeare. Ó túmọ̀ gbogbo eré rẹ̀ sí èdè Bùlùgáríà, iṣẹ́ ọdún gbọọrọ. Títí di òní, ọ̀pọ̀ ará Bùlùgáríà ló jẹ́ pé ohùn Petrov ni wọ́n fi ń gbọ́ Hamlet.

Ó sì yíjú sí àwọn ọmọdé. Ìtàn Funfun, Bọ́tìnnì Oorun, Nínú Yàrá Òṣùpá, Puk, àti èyí tí a lè pè ní Ká Fohùn Jẹ́jẹ́ Sọ Ọ́: ìtàn márùn-ún wọ̀nyí wà nínú ìwé kan tí ó jáde ní 1986, Pet prikazki, ìyẹn Ìtàn Márùn-ún. Orin àti ewì kún inú wọn, èyí ló jẹ́ kí wọ́n rọrùn láti gbé sórí ìtàgé, kódà fún àwọn tó ń fi ọmọlangidi ṣeré. Àwọn kan lè sọ pé ibi ìfarapamọ́ ni ìwé ọmọdé jẹ́ fún un. N kò gbà. Ẹni tó ń sá pa mọ́ kì í kọ Yo Ho Ho, kó gbé ọ̀rọ̀ ikú kalẹ̀ níwájú ọmọ, kó sì fọkàn tán an pé yóò lè gbé e.

Ní 2006, Tarsem Singh, olùdarí tí wọ́n bí ní Íńdíà, tún ìtàn náà ṣe, ó pè é ní The Fall. Ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Los Angeles láyé àtijọ́. Ọmọkùnrin di ọmọbìnrin kékeré tí èdè Gẹ̀ẹ́sì kò tíì yọ̀ mọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n apá òun náà kán bíi ti ọmọkùnrin náà. Bí ọkùnrin tó ń sọ ìtàn fún un ṣe ń pa àwọn ènìyàn inú ìtàn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ náà ń sunkún, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má pa wọ́n mọ́. Ọkùnrin náà ní ìtàn òun ni. Ọmọ ní tòun náà ni.

Petrov ṣì wà láàyè nígbà yẹn. Ọdún 2014 ló kú, ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ, ẹni ọdún 94. Bí ẹ bá rí The Fall wò, ẹ má tètè pa á. Ẹ dúró kí orúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́ sí i máa kọjá. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀.