Kíkó sọ́fítíwíà sórí kọ̀ǹpútà tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, àti ẹ̀yin tí ẹ ń wò wá láti ibòmíràn.

Yàrá kọ̀ǹpútà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nígboro wa níbí ni mo wà. Kọ̀ǹpútà mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, Ubuntu 22.04 tó jáde lóṣù kẹrin ọdún 2022 ló sì wà lórí gbogbo wọn. Irú Linux kan ni Ubuntu, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows. Íntánẹ́ẹ̀tì ni kò sí. GCompris la fẹ́ kó sí wọn. Ètò àwọn ọmọdé ni, ó ti wà láti ọdún 2000, eré ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ lé ní 100, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbìyànjú ẹ̀, mo lọ sí káfé kan ní Under-G, mo dáńlóòdù fáìlì kan ṣoṣo, gcompris-qt, mo gbé e sórí fúláàṣì. Mo dé ilé-ìwé, ó ní òun ò rí gcompris-qt-data. Mo gun ọ̀kadà padà. Mo mú ìyẹn dé, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ àwọn mìíràn tí n kò gbọ́ rí, qml-module báyìí, qml-module bọ̀ọ́hùn. Lílọ bíbọ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan, àwọn ọmọ jókòó, wọ́n ń wojú mi. Ó dùn mí gan-an. Ìdí tí mo fi ń ṣe fídíò yìí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n fi eégún ṣàlàyé ẹ̀. Eégún kì í dá jáde. Atọ́kùn gbọ́dọ̀ wà, onílù gbọ́dọ̀ wà. Atọ́kùn ò ní jáde láìmú pàṣán dání, onílù náà ò ní wá láìsí ìlù. Bí sọ́fítíwíà ṣe rí lórí Linux nìyẹn. Àwọn tó kọ GCompris kò tún jókòó kọ bí ohùn ṣe ń jáde tàbí bí àwòrán ṣe ń hàn. Èyí tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀ ni wọ́n lò. Ohun tó gbára lé yẹn là ń pè ní dipẹ́ńdẹ́ńsì, òun náà sì ní ohun tó gbára lé. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá wà, apt, ìyẹn ètò tí Ubuntu fi ń kó sọ́fítíwíà wá, ló ń ránṣẹ́ pe gbogbo wọn. Ẹ ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé èrò ẹ̀yìn eégún pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan á sọ fún yín pé, "Lọ sórí kọ̀ǹpútà tó ní dátà, ní kí apt dáńlóòdù ẹ̀ láìfi sí i, kó o wá kó o." Àṣẹ náà wà lóòótọ́, --download-only ni, inú /var/cache/apt/archives ló sì ń kó wọn sí. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi níbí, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀. Apt kì í dáńlóòdù ohun tó ti ní nílé. Bí onílù bá ti ń gbé nínú agboolé yẹn tẹ́lẹ̀, ta ló máa ránṣẹ́ pè é? Kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ yín tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ti ní púpọ̀ nínú àwọn dipẹ́ńdẹ́ńsì náà. Èyí tí òun fúnra rẹ̀ kò ní nìkan ló máa dáńlóòdù, ẹ ó sì rò pé ẹrù ti pé.

Kọ̀ǹpútà tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ bi. Òun ló mọ ohun tí kò sí nílé ẹ̀. Ẹ ṣí tẹ́mínà, ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ, lórí rẹ̀, kí ẹ tẹ èyí:

apt-get install --print-uris --yes gcompris-qt > akojo.txt

Kò ní fi nǹkan kan síbẹ̀. Àkójọ ló máa kọ: ojúlé fáìlì kọ̀ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ rẹ̀, àti iye báìtì tó jẹ́. Ẹ wá yọ ojúlé nìkan jáde:

grep "^'" akojo.txt | cut -d"'" -f2 > ojule.txt

Fáìlì kékeré yìí lẹ máa gbé lọ. Ohun tó wù mí jù nínú ọ̀nà yìí ni pé kọ̀ǹpútà tí ẹ máa fi dáńlóòdù kò ní láti jẹ́ Linux. Windows inú káfé ṣe é ṣe. Fóònù yín náà ṣe é ṣe, pẹ̀lú dátà òru. Tó bá jẹ́ Linux ni, wget -i ojule.txt máa kó gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí ẹ bá tẹ àṣẹ àkọ́kọ́ yẹn, kọ̀ǹpútà ilé-ìwé lè sọ fún yín pé "Unable to locate package". Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà náà kò tíì rí ìwé orúkọ àwọn sọ́fítíwíà rí, kò mọ ẹni tó yẹ kó pè. Ẹ wá kọ̀ǹpútà tó jọ ọ́ bí ìbejì: Ubuntu 22.04 kan náà, amd64 (irú ẹ̀rọ inú rẹ̀) kan náà, orísun kan náà nínú sources, ìyẹn ibi tí a kọ àwọn ojúlé tí apt ń lọ sí. Ẹ ṣe sudo apt update lórí ẹ̀, kí ẹ kó ohun tó wà nínú /var/lib/apt/lists wá sí ààyè kan náà lórí tiyín. Bí àkójọ yín bá ti pẹ́, tí ojúlé kan ń mú 404 wá, ìyẹn ni pé fáìlì náà kò sí níbẹ̀ mọ́, ìwòsàn kan náà ni.

Ẹ má sì yá àkójọ Ubuntu 24.04 lò fún 22.04 o. Ohun tí 22.04 ń pè ní libasound2, libasound2t64 ni 24.04 ń pè é. Wọn ò ní mọ ara wọn.

Kí ẹ tó kúrò ní káfé, ẹ fi iye báìtì inú akojo.txt wé ti fáìlì tó wà lọ́wọ́ yín. Dátà máa ń já láàárín ọ̀nà, fáìlì á sì dúró ní ìdajì.

A ti dé ilé-ìwé. Ẹ wọnú fódà tí ẹ kó wọn sí:

sudo apt install ./*.deb

Dpkg -i, àṣẹ mìíràn tó ń fi fáìlì .deb sí kọ̀ǹpútà, náà lè ṣe é, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn apt jù. Dpkg máa tú ẹrù sílẹ̀ ná kó tó rántí pé ẹnì kan kò sí níbẹ̀. Apt á kà wọ́n pé kó tó fọwọ́ kan nǹkan. Bó bá kọ ọ̀rọ̀ kan tó ní "unsandboxed" níparí, ẹ má jáyà, àṣìṣe kọ́.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń fi èdè Python kọ ètò, pip download -d ló ń kó àwọn fáìlì jọ, pip install --no-index --find-links ló ń fi wọ́n sí i. Ẹ rí i pé Python orí kọ̀ǹpútà méjèèjì bára mu.

Ẹ wò ó, ó ti ṣí. Ẹ gbọ́ ohùn ẹ̀. Kọ̀ǹpútà kan nìyẹn. Ọjọ́ kan náà la fi Ubuntu sí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, kò sì sí ohun tó yí padà lórí wọn, nítorí náà fúláàṣì yìí kan náà ni mò ń gbé lọ sí ìkejì báyìí.