Ohun Tí Òkúta Máàsì Sọ Nípa Omi Tó Ti Gbẹ

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ péjọ, mo kí yín. Ohun kan ṣoṣo ni mo gbé wá lónìí: bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá omi wà ní pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì rí, àti irú omi tó jẹ́, òkúta ibẹ̀ ni ká bi. Ipadò gbígbẹ tí à ń rí nínú àwòrán tí wọ́n yà láti òkè lè fi hàn wá pé nǹkan kan ṣàn kọjá, ṣùgbọ́n kò lè sọ bóyá omi náà kan lẹ́nu bí ọsàn wẹ́wẹ́, bóyá ó níyọ̀, tàbí bóyá ó pẹ́ nílẹ̀ kó tó gbẹ. Àlùmọ́nì inú òkúta lè sọ ọ́, nítorí pé omi tó bí i ló pinnu ohun tó dà.

Oṣù kìn-ín-ní ọdún 2004 ni ọkọ̀ aṣèwádìí Opportunity, tí NASA ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà rán lọ, balẹ̀ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ Meridiani. Wọn kò ṣèèṣì yan ibẹ̀. Ọkọ̀ aṣèwádìí Mars Global Surveyor, tó ń yí Máàsì po nígbà náà, ti rí i láti òkè pé hematite pọ̀ níbẹ̀. Irin tó ti da pọ̀ mọ́ ọ́síjìn ni hematite. Ẹbí dógùn-ún tó ń jẹ ọkọ́ àti àdá wa ni. Nígbà tí Opportunity tẹjú mọ́ ilẹ̀, ó rí àwọn kóro róbótó-róbótó, tí wọn kò ju mìlímítà mélòó kan lọ ní fífẹ̀, tí wọ́n fọ́n káàkiri bí ẹ̀wà tó dà sílẹ̀, tí àwọn mìíràn sì ṣì há sínú òkúta. Ẹni tó bá ti wo òkúta yangí dáadáa, tó rí àwọn kóro inú rẹ̀, yóò mọ irú ohun tí mò ń wí. Omi tó ń gba inú ilẹ̀ kọjá ló ń kó irin jọ sójú kan nínú yangí pẹ̀lú.

Àmọ́ ṣé omi ló ṣe ti Máàsì lóòótọ́? Òkúta yíyọ́ tí òkè ayọnáyèéfín tu jáde náà lè dì ní róbótó kó tó balẹ̀. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, orí ìpele kan náà ni ì bá kó jọ sí. Ohun tí àwọn onímọ̀ rí yàtọ̀: àwọn kóro náà wà káàkiri inú òkúta bí kóro inú gúáfà, àwọn ìlà tín-ín-rín tó wà lára òkúta sì gba inú àwọn kan kọjá láìtẹ̀. Òkúta ti wà nílẹ̀ kí kóro tó hù nínú rẹ̀ nìyẹn. Omi abẹ́ ilẹ̀ ló rin ín, tó sì fi irin sílẹ̀ níbẹ̀.

Síbẹ̀, hematite nìkan kò tó láti dá ẹjọ́, torí ooru lè ṣe é láìsí omi. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí àlùmọ́nì mìíràn, jarosite, nítorí òun ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo àwọn ẹlẹ́rìí yìí. Ẹ̀rọ ara Opportunity tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Mainz ní Jámánì ṣe, tó ń dá oríṣi irin mọ̀, ló rí i lára òkúta kan tí wọ́n pè ní El Capitan. Irin, potassium àti imí-ọjọ́ ló para pọ̀ di jarosite, èròjà omi sì wà nínú rẹ̀ gan-an. Inú omi tó kan ni ó ti ń jáde. Bí omi púpọ̀ tí kò kan bá tún dé bá a, yóò túká, irin inú rẹ̀ yóò sì di irú dógùn-ún mìíràn. Nítorí náà, nǹkan méjì ni jarosite El Capitan ń jẹ́rìí sí lẹ́ẹ̀kan náà: omi kíkan dé Meridiani, omi náà sì lọ, omi rere tó pọ̀ tó láti fọ̀ ọ́ nù kò sì dé ibẹ̀ mọ́.

Kì í ṣe gbogbo òkúta Máàsì ló lè jẹ́ irú ẹ̀rí yìí. Ní ọdún 1962, òkúta kan tó wọn nǹkan bí kìlógíráàmù 18 já láti ojú ọ̀run sí Zagami, ní apá ilẹ̀ tó ń jẹ́ Ìpínlẹ̀ Katsina lónìí, àwọn onímọ̀ sì ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé Máàsì ló ti wá. Òkúta iyebíye ni, ṣùgbọ́n inú iná ilẹ̀ ni wọ́n ti bí i. Ibi tí omi ti jókòó ni a gbọ́dọ̀ lọ.

Irú ibẹ̀ ni kòtò Gale, tó fẹ̀ tó kìlómítà 154, níbi tí ọkọ̀ aṣèwádìí mìíràn, Curiosity, balẹ̀ sí ní oṣù kẹjọ ọdún 2012. Ní oṣù kejì ọdún 2013, ó lu ihò tí kò jìn ju sẹ̀ǹtímítà 6.4 lọ sínú òkúta ẹrẹ̀ kan tí wọ́n sọ ní John Klein. Ojú òkúta náà pupa, ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun tó jáde nínú ihò rí bí eérú, èyí tó fi hàn pé dógùn-ún kò tíì jẹ irin inú rẹ̀ tán. Nígbà tí ẹ̀rọ CheMin inú ọkọ̀ náà tan ẹ́ksìréè sí ìyẹ̀fun yìí, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ jẹ́ amọ̀ tí à ń pè ní smectite. Olivine, tó máa ń wà nínú òkúta inú iná, kì í lè bá omi gbé pẹ́. Ó dín kù níbẹ̀, amọ̀ sì gba ipò rẹ̀. Omi adágún tó wà nínú kòtò Gale ní nǹkan bí bílíọ̀nù ọdún 3.5 sẹ́yìn kò kan bí ti Meridiani, iyọ̀ inú rẹ̀ kò sì pọ̀. Omi tí ènìyàn ì bá bù mu ni.

Ẹ ò rí i pé pílánẹ́ẹ̀tì kan náà ni, ṣùgbọ́n omi rẹ̀ kò jọra. Àwọn kan gbà pé Máàsì móoru fún ìgbà pípẹ́. Àwọn mìíràn ní yìnyín kàn ń yọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni. Amọ̀ Gale mú kí n gbà pé omi jókòó níbẹ̀, kò sì gbẹ lọ́gán, ṣùgbọ́n kò tíì parí àríyànjiyàn yẹn. Kòtò Jezero lè ràn wá lọ́wọ́ sí i. Ọdún 2021 ni ọkọ̀ aṣèwádìí Perseverance balẹ̀ síbẹ̀, níbi tí àlùmọ́nì carbonate wà, èyí tí omi kíkan ì bá ti jẹ run. Ó ti bu òkúta àti àwọn nǹkan mìíràn sínú ọ̀pá irin kéékèèké, ó sì tò mẹ́wàá nínú àwọn ọ̀pá náà sórí ilẹ̀ níbì kan tí wọ́n ń pè ní Three Forks. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀, tí wọ́n ń retí ẹni tí yóò wá kó wọn wá sí ayé.